Ọmọ Tí Kì Í Wo Àgbà Lójú

Orí ìdúró lọmọ mi wà nígbà tí rẹfirí dá ìjà náà dúró. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ìwé yìí kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná. Kò sùn sílẹ̀, kò di okùn mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè níwájú àyà, bí kóòṣì rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Gbogbo èèyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ní Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án Sátidé náà ló rí i, èmi náà sì rí i, nítorí ìlà kejì sí ríìngì ni mo jókòó sí. Mo tilẹ̀ ti fi gèlè gbàjá bí ẹni pé wọ́n máa tó pè mí wọlé kí n wá bá wọn dá sí i.

Olùkọ́ ni mí. Láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Àwọn òbí máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi, tí wọ́n bá sì pàdé mi lọ́nà, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn rárá. Bàbá ọmọ náà, tó ti di olóògbé, ló máa ń gbé e sí itan níwájú tẹlifíṣàn tí àwọn méjèèjì á sì jọ máa ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí bàbá kú, ẹ̀ṣẹ́ ló kù lọ́wọ́ ọmọ. Bó ṣe jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó kọ́ṣẹ́ jíjó irin nítòsí ibùdókọ̀ Agric; tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ó di jíìmù. Mo bínú, mo bínú títí, ó rẹ̀ mí. Ìgbà tó yá, èmi gan-an ni mò ń fọ aṣọ ìdíje rẹ̀ fún un, tí mò ń lọ̀ ọ́ bí aṣọ iléèwé.

Ìjà ọjọ́ náà kì í ṣe ìjà lásán. Ẹni tó bá borí nínú àwọn méjèèjì ni yóò lọ jà fún bẹ́líìtì Nàìjíríà. Kóòṣì rẹ̀, ọkùnrin ọmọ Ọ̀ṣun kan tó yá ilé gbé ládùúgbò wa, ti sọ fún mi pé irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í yọjú lẹ́ẹ̀mejì sí ọmọ tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀. Ọmọ mi ò sì ní bàbá kankan, ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Èmi nìkan ló ní.

Òun ló ń borí. Títí tí wọ́n fi wọ ráúndì keje, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n jọ ń jà kàn ń sá kiri ẹ̀bá okùn ni. Lójijì ni ẹ̀ṣẹ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó ba ọmọ mi lẹ́yìn etí. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ́ náà, ìró rẹ̀ ni mo gbọ́. Ọmọ mi fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Mo pe Jésù, obìnrin Mùsùlùmí tó jókòó tì mí ké pe Ọlọ́hun, a sì di ara wa lọ́wọ́ mú bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń na ìka síwájú ọmọ mi. Kí kíkà náà tó parí, ọmọ mi ti dìde.

Bàbá àgbàlagbà ni rẹfirí yìí, irun orí rẹ̀ ti funfun, wọ́n ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ gan-an ni. Ó di ìbọ̀wọ́ ọmọ mi mú, ó nù ún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ mi tẹrí ba. Bàbá náà tún sọ̀rọ̀. Mo rí i tí ètè ọmọ mi ń mì, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò. Bàbá náà wo orí ọmọ náà tó tẹ̀ ba. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì fa ọmọ mi mọ́ra. Ìjà ti parí nìyẹn.

Gbọ̀ngàn náà gbiná. "Òjóró! Òjóró!" ni gbogbo wọn ń pariwo, omi inú ọ̀rá ń fò lọ sínú ríìngì. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ okùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo na ìka sí bàbá tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, mo ní, "Ẹ̀yin àgbàyà yìí! Kí lọmọ mi fi ṣe yín?" Títí dòní, àwọn ọ̀rẹ́ mi níléèwé ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ló lè fi "ẹ̀yin" bú èèyàn. Bàbá náà kàn wò mí láti òkè. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra, dókítà tan iná sójú ọmọ mi, ó ní kó lọ sinmi, ó bá tirẹ̀ lọ. Kóòṣì wọlé, òógùn ti bò ó. Ó ti lọ bá rẹfirí láti mọ ohun tó dé.

"Wọ́n ní àwọn ní kó wo ojú àwọn, kò wò ó," ni kóòṣì wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ fún un, ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè wo ojú rẹfirí, ọpọlọ rẹ̀ ti rin ìrìn àjò."

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín ìbínú. "Ṣé nítorí ìyẹn náà ni? Kóòṣì, ta ló kọ́ ọ pé kó má wo àgbà lójú? Èmi ni!"

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àgbà bá ń bá ọmọ wí, ilẹ̀ lọmọ ń wò. Ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni "Ojú wo lo fi ń wò mí yẹn?", ìgbátí ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Mi ò mọ iye ọmọ tí mo ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ yìí nínú kíláàsì. Tèmi gan-an ló nira jù. Nígbà tó wà ní kékeré, bí mo bá ń bá a wí, ṣe ni yóò kàn tẹjú mọ́ mi bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo bá a fà á títí ó fi jáwọ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò rántí ọjọ́ tí mo bá a sọ ọ̀rọ̀ gidi tó wò mí lójú. Mo sì ń fi í yangàn. Àwọn aládùúgbò á ní, "Ẹ wá wo akànṣẹ́ tó ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkọ ìyàwó," inú mi á dùn dé ẹ̀yìn.

Kóòṣì lu itan. "Ẹjọ́ wa rèé, mà! Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi pa á láyò."

Ó fẹjọ́ sun àwọn tó ń ṣàkóso ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ìdáhùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Bí ìgbìmọ̀ wọn bá gbà pé rẹfirí ṣì í, àwọn méjèèjì á tún ìjà náà jà kí oṣù tó tán. Bí wọn ò bá gbà, ọmọ mi ò gbọdọ̀ wọ ríìngì títí ọdún á fi yí, ó sì gbọ́dọ̀ lọ ya àwòrán ọpọlọ kí wọ́n tó jẹ́ kó padà. Ẹlòmíì á sì ti gba àyè rẹ̀ nídìí bẹ́líìtì. Wọ́n ní ta ló lè jẹ́rìí sí irú ọmọ tó jẹ́. Kóòṣì ní, "Ìyá rẹ̀. Olùkọ́ ni wọ́n." Gbogbo ẹjọ́ náà wá kó sí mi lẹ́nu.

Ìkòròdú ò jẹ́ kí n gbàgbé ẹ. Fídíò ìjà náà ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Tí mo bá dé Agric, àwọn ọlọ́kadà á ní, "Mummy Champion, dem cheat una o! Ẹ má gbà fún wọn o!" Kò sí ohùn kankan tí èèyàn lè gbọ́ nínú fídíò náà àyàfi ariwo èrò, àmọ́ ètè ọmọ mi ń mì níbẹ̀, oníkálukú á sì máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn kan ní "I'm okay, sir" ló sọ. Àwọn kan ní ó ń bú rẹfirí ni. Mi ò gba ìyẹn, nítorí mo mọ ọmọ mi.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ń wọ bàtà iṣẹ́, mo bi í léèrè.

"Kí lo sọ fún bàbá yẹn gan-an?"

"Mo ní mo lè jà, mọ́mì."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ilẹ̀ ló ń wò. Kí ni kí n wá rí kà nínú ìyẹn? Bó bá ń parọ́, ilẹ̀ ni yóò wò. Bó bá ń sọ òótọ́, ilẹ̀ náà ni. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, èmi sì ti fọwọ́ ara mi ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Ó mú àpò rẹ̀, ó ní ó dìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀rù kan bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí tí mi ò lè sọ síta. Mo ti rí i tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bátí rẹ̀ nígbà tó rò pé mi ò wo ọ̀dọ̀ òun. Mo bá ní kó jẹ́ ká jọ̀wọ́ ẹjọ́ yìí, kó fi ọdún yẹn sinmi, ọdún kan kì í ṣe ayé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò gbé ohùn sókè sí mi láti ìgbà tó ti dàgbà.

"Mọ́mì, gbogbo ayé ló ń wò ó lórí fóònù pé wọ́n lé mi jáde lórí ìdúró! Ikú yá ju ẹ̀sín lọ!"

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ikú nínú ilé mi?" Mo pariwo débi pé aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀ mí. Mo ní mo ti gbọ́, kó dìde. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dúró sí mi láyà. Àya mi ń já tí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àya mi ń já tí mi ò bá gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ta ni mí tí n ó fi já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ mi nítorí pé ojora ń mú mi? Mo padà sídìí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níwájú ìgbìmọ̀, mò ń tún un sọ níwájú dígí.

Lówúrọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, kóòṣì yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Òkè ilé alájà kan tí kò jìnnà sí Ọjà Olúwo ni ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó sí. A tètè dé. Kóòṣì àti ọmọ mi gòkè lọ, èmi dúró nísàlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nítorí orúnkún mi kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn títí dìgbà tí kò bá sọ́nà míì. Òórùn ẹja yíyan ń fẹ́ wá láti ọjà. Mò ń ka ọ̀rọ̀ mi sínú bí ọmọ tó fẹ́ wọlé ìdánwò.

Bàbá rẹfirí ló yọ láti ọ̀nà ọjà, ó gbé ẹja dání nínú ọ̀rá.

"Ẹ kú àárọ̀, ìyá wa."

Mi ò dáhùn. Obìnrin Yorùbá tí kò dá àgbà lóhùn ìkíni, kí ẹ mọ ibi tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ dé. Ó jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé mo fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

"Wọ́n ní ẹ wá sọ pé ọmọ yín kì í wo àgbà lójú."

"Òótọ́ ni mo wá sọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín."

"Ẹ ò ní láti ṣàlàyé. Nígbà tó kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀, inú mi dùn sí i. Mo ní wọ́n tọ́ eléyìí. Ǹ bá ti jẹ́ kó máa jà lọ."

Mo yíjú sí i. "Kí ló wá dé?"

Ó gbé ọ̀rá ẹja sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìn wò kó tó sọ̀rọ̀. "Mo bi í pé ìlú wo la wà. Ohun tí a máa ń bi wọ́n nìyẹn. Ó ní, 'Mọ́mì, mo ti pọn omi tán.'"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pọn omi kẹ́yìn nílé wa. Ẹ̀rọ la ń ṣí. Àmọ́ nígbà tí ọmọ yẹn wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a yá ilé gbé, kànga sì wà lẹ́yìnkùlé. Òun ló ń pọn omi kó tó múra iléèwé. Tí dúrọ́ọ̀mù bá ti kún, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á tẹrí ba, á ní, "Mọ́mì, mo ti pọn omi tán." Kò sí ibi tí bàbá yìí ti lè rí gbólóhùn yẹn, àfi lẹ́nu ọmọ mi.

"Ìgbà kejì ńkọ́?"

"Mo tún bi í. Ó ní kí n má na òun, òun ò tíì pẹ́."

Mo fi ìborùn bojú. Bàbá náà jẹ́ kí n sunkún tán.

"Ẹ ò wá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Kí wọ́n fi ṣe orin ní gbogbo jíìmù Èkó? Ibi tó bá ti fẹ́ jà, wọ́n á ní kó lọ pọn omi fún ìyá rẹ̀. Mo ní kò wo ojú mi, mo rò pé ìyẹn tó." Ó yíjú sí mi. "Àmọ́ olùkọ́ ni yín. Tí ẹ bá sọ pé ẹ̀kọ́ ilé ni, wọ́n á gbà yín gbọ́, wọ́n á sì ní kí wọ́n tún ìjà yẹn jà. Mi ò ní jẹ́ kó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú orí yẹn, ìyá wa. Màá sọ ohun tí mo gbọ́, níṣojú òun àti gbogbo wọn. Mo mọ ẹnì kan rí tó fèsì bẹ́ẹ̀, tí rẹfirí ní kó máa jà lọ."

Mi ò bi í léèrè ohun tó ṣe ẹni náà. Ó gbé ẹja rẹ̀, ó gòkè. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo tẹ̀ lé e. Gbogbo ohun tí mo ti há sórí ti fò lọ. Bí mo bá jẹ́rìí bí mo ṣe wá jẹ́ ẹ, ọmọ mi á gba ẹ̀sín lójú gbogbo èèyàn, tàbí kó padà sínú ríìngì pẹ̀lú orí tí kò mọ ìlú tó wà. Bí mo bá dákẹ́, kóòṣì á wá ẹlẹ́rìí míì. Àfi kí n ba ẹjọ́ náà jẹ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un gbé dìde.

Yàrá náà kún. Àwọn èèyàn ọmọ Abẹ́òkúta náà wà lápá kan, kóòṣì àti ọmọ mi wà lápá kejì. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Kóòṣì rẹ́rìn-ín sí mi, ó mi orí. Alága ìgbìmọ̀ náà ní kí n má dìde, mo ní mo fẹ́ dúró.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọmọ yìí. Ṣé òótọ́ ni pé kì í wo àgbà lójú?"

Mo rí bàbá rẹfirí tó ń wò mí. Mo rí orí ọmọ mi tó tẹ̀ ba.

"Irọ́ ni," ni mo wí.

Kóòṣì ní, "Háà! Mà!"

"Irọ́ ni. Ọmọ ẹlòmíì ni mò ń ráyè kọ́, mi ò ráyè kọ́ tèmi. Kò sí àgbà tí kì í wò lójú, èmi gan-an ń jìyà rẹ̀ nínú ilé. Ẹ má jẹ́ kó fi ìtẹríba tó ń ṣe yìí tàn yín jẹ, nítorí ẹjọ́ ni. Bí kò bá lè wo ojú bàbá yìí lọ́jọ́ yẹn, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá."

Àwọn èèyàn ọmọ Abẹ́òkúta bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Olùkọ́ ni wọ́n pe èyí o!" Ẹlòmíì ní òun á yọ ọmọ òun kúrò níléèwé. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ojú ò tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì dúró níbẹ̀ gbọin. Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, ohun kan náà ni n ó sọ.

Alága bi rẹfirí bóyá ó ní ọ̀rọ̀ míì. Bàbá náà ní òun ò ní. Alága ní ìpinnu rẹfirí dúró, kí ọmọ náà lọ sinmi, kó sì lọ ya àwòrán ọpọlọ. Kóòṣì ti ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn, ó jáde láìwo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Àwọn ìgbìmọ̀ ń palẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi ò tíì kúrò lójú kan. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, kò sì mọ ìdí ẹ̀, mi ò sì lè sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Ó rọra gbé orí sókè. Omi kún ojú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi níṣojú gbogbo wọn, ó wò mí lójú kòrókòró, kò ṣẹ́jú, kò gbé e kúrò.

Mi ò bá a wí.